Ẹsẹ̀ Kékeré Lórí Táìlì

Barking, London

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ń bá bàtà wọlé, ó ń fi àbàwọ́n sára táìlì mi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti fínígà díẹ̀ ni mo fi ń nù ún.

Lánàá, mo bá ipa bàtà obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akínrẹ̀mí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ta ni?

Akínrẹ̀mí ní, "Màámi, ẹ̀rù táìlì yín ló bà á."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò mú ẹnìkan wálé rí! Mi ò nu ipa yẹn o. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n, mo ra sílípáàsì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbàdúrà kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Àbúrò yín,
Ọmọ́ṣọlá