Mi Ò Ní Ta Píkọ́ọ̀pù Mi

Abúlé Ìdí-Awùsá,
Lọ́nà Ìwó.

Hafíìsù Àjàgbé ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí Islamiyat ìyàwó wa kú iṣẹ́ ọsibítù ní Seton, mo sì kí Zulaikha, ìyá mi kékeré, tó máa ń pè mí ní Grandma bí ẹni pé èmi àti òyìnbó la jọ dàgbà. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí òtútù ìlú yẹn wọ̀ yín légungun, kò ní jẹ́ kí snow bo ọ̀nà oúnjẹ yín mọ́lẹ̀, àti basement tí ẹ ń gbé ní Taradale yẹn, Ọlọ́run á gbé yín gòkè kúrò níbẹ̀, nítorí mi ò bí ọmọ kankan fún abẹ́ ilẹ̀. Ara tèmi le. Orúnkún òsì ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ni mo fi ń tẹ bírékì, nítorí náà má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mi ò fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Zulaikha ti tú àṣírí rẹ. Ó ní tí ohùn mi bá dé orí Wasáàpù, ńṣe lo máa ń tẹ nǹkan kan tí màá fi máa sáré sọ̀rọ̀ bí eku tí ológbò ń lé. Àṣé ìwọ lo wà nídìí ẹ̀! Mo ti ń wí fún Ìyá Dóyin, aládùúgbò wa, pé kò yé mi bó ṣe máa ń rẹ̀ mí tí mo bá ti fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ tán, àṣé ọmọ tí mo bí ló ń mú mi sáré láti Kánádà. Ìwé kò ṣe é tẹ̀ kó sáré. Jókòó, kí o kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ilé dára. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n, ìyàwó kékeré Lèmọ́mù sì bí ìbejì, wọ́n ní kí n kí ọ. Ọ̀nà Ìwó tí ìjọba ní àwọn fẹ́ tún ṣe, wọ́n ti tún un ṣe dé ibi tí wọ́n dúró sí ya fọ́tò, èyí tó kù wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn. Ọjà epo pupa ń yá mi lọ́wọ́, torí èmi nìkan ló lè gbé kẹ́ẹ̀gì epo gba ọ̀nà yẹn kọjá tí kò ní dà. Kí ni mo sì fi ń gbé e? Píkọ́ọ̀pù mi ni, ìyẹn ló gbé wa dé orí ọ̀rọ̀.

Hafíìsù, o rán Gbémiga, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, sí mi lọ́jọ́ Àlàmísì, òun àti Àlájì Adéjùmọ̀ láti Òṣogbo, pé kí n kó kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù fún wọn. O ti bá Àlájì dúnàádúrà tán lórí fóònù láti Calgary kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún èmi tí mo ń wà á. Gbémiga ní o ní ọkọ̀ náà ti gbó, pé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, pé gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n mí yóò ba eegun ẹ̀yìn mi jẹ́, pé wàá ra jíípù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù fún mi, wàá sì gba ọkùnrin kan tí yóò máa wà mí káàkiri. Wà mí kẹ̀? Èmi Bílíkísù? Ta ló wà ọ́ lọ sí iléèwé girama ní Ìwó, ìwọ àti àpótí àti kúbúsù rẹ?

Mo mọ ibi tí o ti rí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn. Ṣebí ìwọ lo gbé fóònù dúró níjelòó tí o ń ka ohun tí àwọn tó ní píkọ́ọ̀pù ní Kánádà kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi, pé ẹnìkan ní tòun kì í dákú lọ́nà, ẹnìkan ní tòun rọ̀ bíi tìmùtìmù lójú títì, ẹnìkan ní tòun ti já òun kulẹ̀ nínú snow, wọ́n sì ń fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀, òmíràn gba márùn-ún, òmíràn gba ẹyọ kan ṣoṣo. Mo fara balẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ léèrè orúkọ ẹni tó jẹ́rìí, o ní Truckboy àti nọ́ńbà. Hafíìsù, ọmọ ta ni Truckboy? Agboolé wo ló ti wá? Ta ló mọ ìyá rẹ̀? Níbí o, bí ẹnìkan bá fẹ́ jẹ́rìí sí ewúrẹ́ lásán, yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ilé wọn. Ẹ fojú pamọ́, ẹ ń pín ìràwọ̀ Ọlọ́run káàkiri, ẹ sì fẹ́ kí n tìtorí rẹ̀ ta ọkọ̀ mi.

Èmi náà wá jáde lọ wá ẹ̀rí tèmi lọ́dọ̀ àwọn tó lórúkọ. Olúdọ̀tun tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní láti ìgbà tóun ti ń kó búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ọkọ̀ mi, èyí tó fọ́ kò pọ̀, pé èyí tó sì fọ́ yẹn ti fẹ́ fọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fún un ní ìràwọ̀, ó wòkè, ó ní mélòó ló wà ńbẹ̀. Ìyá Dóyin ní lọ́jọ́ tí inú ń run òun tí mo gbé òun lọ sí ọsibítù, gbígbọ̀n ọkọ̀ náà ló jẹ́ kí inú náà rọlẹ̀ kí a tó débẹ̀. Lèmọ́mù nìkan ló takò mí. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé òun lọ síbi ìsìnkú ní Ẹdẹ, ìbàdí òun kò tíì bọ̀ sípò. Mo gba tirẹ̀ náà, mi ò fi pamọ́, ṣùgbọ́n mo rán an létí pé ọ̀fẹ́ ni mo gbé e.

Ó yá, jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa tìrẹ, èyí tí o rà ní tuntun tí o fi ń kó ẹrù fún àwọn tó ń kó kúrò nílé. Ìwọ fúnra rẹ lo fi hàn mí nínú fóònù pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, o máa ń ki wáyà iná bọ̀ ọ́ nímú, pé bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òtútù kò ní jẹ́ kó jí láàárọ̀. Mo ní ìnnà lílláhì! Níbí, ẹni tí wọ́n bá ti ki wáyà bọ̀ nímú lọ́sibítù, ẹbí rẹ̀ a ti máa wá aṣọ funfun. Mo ti ń ṣàdúà fún ọkọ̀ yẹn láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. O ní kò ṣàìsàn, pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn níbẹ̀ nìyẹn, pé ó tilẹ̀ ní wọ́ráńtì. Mo bi Lèmọ́mù léèrè ohun tó ń jẹ́ wọ́ráńtì, ó ní ìlérí ni, pé tó bá bàjẹ́, ẹni tó tà á yóò tún un ṣe. Àṣé ẹni tó tà á fún ọ ti mọ̀ pé yóò bàjẹ́! Ẹni tó ta tèmi fún bàbá rẹ kò ṣèlérí kankan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó dára, Gbémiga àti Àlájì dé. Àlájì wọ gínní funfun, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo ṣe bísímílà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Mo tún un yí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní Màámi, ṣé ẹ ti wá rí ohun tí Brother Hafeez ń sọ. Mo ní kò sí ohun tó ṣe é, inú ló ń bí i pé wọ́n fẹ́ tà á, kí wọ́n tì í. Gbémiga tì í, Olúdọ̀tun fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ wá tì í, Àlájì náà ká apá aṣọ, ó tì í. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó bú ramúramù, ó ta èéfín dúdú, gínní Àlájì di aláwọ̀ eérú. Wọ́n ń pariwo pé kí n dúró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró? Bí mo bá dúró, ó lè tún kú, ta ni yóò sì tún tì í? Mo juwọ́ sí wọn lójú fèrèsé, mo gba ọ̀nà oko lọ kó epo tí mo ní í kó lọ́jọ́ náà. Sọ fún mi, nínú gbogbo àwọn Truckboy yín, ta ni ọkọ̀ tirẹ̀ ti mú kí ẹni tó wá rà á fọwọ́ ara rẹ̀ tì í lọ?

Nígbà tí mo padà dé, Gbémiga ti bínú wọ ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n Àlájì wà lọ́dọ̀ Lèmọ́mù, ó ń retí mi. Ó ní òun kò bínú, kí n ṣáà sọ àlébù ọkọ̀ náà fún òun, torí ìlànà ẹ̀sìn wa ni pé ẹni tó bá ń tajà gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ àlébù rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ní èmi kọ́ ni mò ń tà á, ọmọ mi ni, kó bi ọmọ mi. Ìgbà yẹn ló pè ọ́ lójú wa. O ní ó ti gbó. Ó ní gbígbó kọ́ lòun béèrè, pé ilẹ̀kùn wo ni kì í tì, pé jíà wo ló máa ń fò, pé ìgbà wo lo wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. O tún ní ó ti gbó. Àlájì kí ọ pé ó dàbọ̀, ó ní òun ò lè ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ àlébù rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà á bá wá fúnra rẹ̀ tó sì sọ ọ́, òun yóò padà wá lẹ́yìn Iléyá. Kò tíì tán nílẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Islamiyat pè mí. Má bá a jà o, ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó ní nígbà òtútù tó kọjá, píkọ́ọ̀pù rẹ, oníwáyà nímú yẹn, dákú sí ojú títì ńlá tó lọ sí Seton, ìwọ àti Zulaikha nìkan lẹ wà nínú ẹ̀, snow ń bọ́, ọmọ ń sunkún pé òun ò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́, títí tí Tàjùdéèn ọ̀rẹ́ rẹ fi ti Marlborough wá kó yín. Ó ní láti ọjọ́ náà lo ti ń sọ ọ́ lójú oorun, pé bó bá jẹ́ Màámi ló dúró sọ́nà báyìí, ta ni yóò wá gbé e.

Mo sunkún, Hafíìsù. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni má rí mi, mo sunkún ọmọ náà àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo nu ojú tán, inú tún bí mi. Ọkọ̀ tìrẹ ló dẹ́rù bà ọ́, tèmi lo wá fẹ́ tà! Bí mo bá dúró sọ́nà Ìwó, ta ni yóò gbé mi? Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn ni mo ti gbé rí, àwọn tí mo gbé lọ bímọ, àwọn tí mo gbé òkú wọn wálé. Mi ò ní ráyè tutọ́ kí wọ́n tó yí mi ká. Ìwọ tí ẹnìkan ṣoṣo mọ̀ nínú gbogbo ìlú yẹn ni kí a máa bẹ̀rù fún.

Mo tún ronú sí i. Mo kó gbogbo ohun tí o sọ nípa ọkọ̀ náà jọ, pé ó ti gbó, pé ó ń dún, pé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, pé kó lọ sinmi. Ṣé píkọ́ọ̀pù lo fẹ́ tà ni, àbí èmi? Nígbà tí Àmúsà bàbá rẹ kú, bí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe sọ náà nìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n tà á, pé obìnrin kì í wa píkọ́ọ̀pù. Mo kọ̀. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á ní pápá iléèwé, mo wó òpó góòlù, gbogbo abúlé fi mí rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dá mi dúró, ọ̀rọ̀ fóònù kò ní dá mi dúró. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sinmi, èmi ni màá sọ, mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu Gbémiga.

O kò lè dá Àlájì lóhùn nípa ìgbà tí o wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èmi rántí. Mo gbé ọ dé Ìbàdàn kí o lè wọ ọkọ̀ Èkó, o bọ́ sílẹ̀, o di ilẹ̀kùn mú torí kì í tì dáadáa, o ní Màámi, ọdún méjì péré ni. Mi ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé ìwé ni o ń dúró dè. Islamiyat ti wá sọ fún mi pé PR yín, ìwé ìgbélùú yẹn, ti jáde láti ọdún tó kọjá. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí o bá fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù, wá tà á. Jókòó tì mí níwájú láti Ìbàdàn dé Ìdí-Awùsá, jẹ́ kó gbọ̀n ọ́ dáadáa, mọ ilẹ̀kùn tí kì í tì àti jíà tó ń fò, mọ èyí tó ń dùn mí lára àti èyí tí kò dùn mí. Bí o bá mọ gbogbo àlébù wa tán, tí o ṣì ní ẹnu láti dúró níwájú Àlájì, màá kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, etí ìró mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, kí ẹni tó bá láyà wá tú u.

Nípa ti owó, fi owó bátìrì tuntun ránṣẹ́ sí mi kíákíá àti ti sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì. Owó jíípù tí o ní o fẹ́ rà, má fi ránṣẹ́, fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú títì, ẹ́ńjìnì rẹ kò ní dákú níbi tí kò sí ojú ẹni, ẹsẹ̀ Zulaikha yóò gbóná títí yóò fi tẹ ilẹ̀ yìí, Islamiyat yóò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, o kò sì ní fi fóònù gbọ́ ikú mi. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bílíkísù Àmọ̀kẹ́,
tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà.