Ìwé Tí Bilqees Há Sórí

Kudenda,
Kàdúná.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Túndùn,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá yín gbé ní Ungwan Dosa. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ṣeé sọ lórí fóònù, ẹkún ni yóò gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Bilqees ọmọ yín tún ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì ló ń lọ báyìí. Ọmọ tó ti ń fi igi ìgbálẹ̀ gún adìẹ wa lábẹ́rẹ́ láti kékeré!

Ṣé ẹ rántí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Doka, nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta? Ó pa ìwé òyìnbó rẹ̀ dé, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Kai! Masha Allah!" ni gbogbo ilé ń wí, ẹ̀yin lẹ sì pàtẹ́wọ́ jù. Nílé kéú wa, ọmọ tó bá ti lè ké Kùránì láìwo wàláà tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ojú kan náà la fi wo ti òyìnbó. A ò mọ̀ pé tíṣà ló kàn ń pè é, táwọn ọmọ ń gbè é. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé sẹ́kọ́ńdírì, ìwé pọ̀ ju ohun tí orí lè há lọ, kò sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi, torí ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Lánàá, Kíkẹ́lọmọ àbúrò rẹ̀, tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Bilqees lọ, ń ka ìwé tirẹ̀ lágbàlá, ó ń ké roro. Yínúsà bàbá wọn ń rẹ́rìn-ín. Bilqees tibi iṣẹ́ dé, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan láàrin ojú ìwé, ó ní, "Wannan fa? Èyí ńkọ́?" Ọmọ náà wá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń kà á bọ̀, kó lè bá ọ̀rọ̀ náà lọ́nà. Bilqees jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀." Yínúsà ò lè jẹun alẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Kíkẹ́lọmọ sọ́dọ̀, kó máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé yín, níbi tẹ́ ẹ ní àwọn tíṣà ti ń jókòó ti ọmọ. Bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí tirẹ̀ náà bọ́.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Àmín.

Èmi àbúrò yín,
Moróunkẹ́, Ìyá Bilqees.

Àfikún: Bí Kíkẹ́lọmọ bá dé, yóò fẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé, kó kà á fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́.