Mansie Seatter (1921–2013), Atukọ̀ Tó Ń Kọ́kọ́ Bọ́ Sómi

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1921, ní Stennay, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Orkney, ni a bí bàbá wa, Magnus Seatter, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Mansie, sínú ìdílé Davick Seatter àti Thora, ọmọ Drever. Àwọn Seatter kì í ṣe olówó, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ọkọ̀ títù yangàn níwájú wọn. Stennay kò ní èbúté. Davick ló ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò àti ẹrù lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú omi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta màlúù, wọn á fà á wọ omi, á lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ọkọ̀, wọn á sì fi okùn wọ́ ọ sókè bí àpò ọ̀dùnkún.

Bàbá wa ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà ní erékùṣù náà, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ mú ìṣù ilẹ̀ gbígbẹ kan, irú èyí tó ń jó bí igi ìdáná, dání láràárọ̀ fún iná yàrá ìkàwé. Wọ́n jẹ́wọ́ fún wa lọ́jọ́ ogbó pé ti aládùúgbò ni àwọn sábà máa ń mú. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n bá bàbá wọn dé ẹnu iṣẹ́.

Ní 1941, wọ́n wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn ni wọ́n fi wọ́n sí, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí wálẹ̀ kí àwọn sójà lè sáré jáde sí etíkun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944, ní Normandy nílẹ̀ Faransé, ọkọ̀ wọn gbá iyanrìn. Bàbá wa rò pé àwọn ti dé etíkun. Wọ́n já ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn sójà máa lọ. Òkìtì iyanrìn lásán ni. Omi jíjìn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù ogun sì wúwo lẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Púpọ̀ nínú wọn rì lójú bàbá wa. Ohun tí wọ́n sọ fún ìyá wa nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó fẹ́ra. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1946, wọ́n gbé Merran, ọmọ ìdílé Groat, níyàwó. Àwọn arúgbó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọtí gbígbóná tó yípo nínú igbá onígi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé ń ṣófo ní Stennay. Ní ọjọ́ òtútù kan ní 1948, okùn fún màlúù aládùúgbò kan lọ́rùn pa lójú omi, ìdílé náà sì palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Ìyá wa kò gbà kí ó kan àwọn.

“Mansie, wọ́n ń ta ọkọ̀ onílẹ̀kùn tí wọ́n lò lógun. Màlúù á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé.”

“Mi ò ní wọ irú ẹ̀ mọ́ láyé mi.”

“Ó dáa. Ìwọ lo máa wá kọ́ màlúù ní fífò nìyẹn.”

Wọ́n rà á ní 1949. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá wa fi ẹ̀yìn fa ọkọ̀ kúrò ní iyanrìn bí ológun ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì yí i lòdì sí ọ̀nà tí oòrùn ń gbà. Ọmọ Orkney kì í dán an wò, èèwọ̀ ni, ikú ló ń fà! Ìyá ìyàwó wọn, Bella Groat, tó jókòó láàárín màlúù, figbe ta.

“Mansie! Ṣé sàréè lò ń gbé wa lọ ni? Yí i padà!”

“Ìyá, ọkọ̀ ìjọba ni, kò mọ oòrùn.”

“Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n. Yí i padà, àbí kí n bọ́ sómi kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé!”

Wọ́n yí i padà. Wọn kò sì dẹ́ṣẹ̀ náà mọ́.

Àṣà kejì ni kò yé wa. Bàbá wa kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí títí àwọn fúnra wọn á fi bọ́ sómi, tàwọn tọ̀pá, tí wọ́n á tẹ ilẹ̀ wò dé etíkun. Wọ́n ń ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń ṣe é nínú yìnyín. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pe bàbá wa ní pẹ́pẹ́yẹ, ojú sì ń tì wá. Davie, àkọ́bí wọn, bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan.

“Bàbá, ẹ ṣáà mọ ibí yìí látìgbà tí wọ́n ti bí yín.”

“Mo mọ̀ ọ́n lánàá,” ni èsì wọn.

Ẹ wo ohun tí ọkọ̀ náà gbé! Katakata àkọ́kọ́, dùrù ilé ẹ̀kọ́, èédú, àgùntàn, ìyàwó tuntun tí ìgbẹ́ màlúù ta sí láṣọ. Òórùn epo dísù àti màlúù yẹn ń ṣe wá bí ẹni pé ká padà di ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní 1973, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ọkọ̀ kan náà ló sì kó ibùsùn gbogbo wa lọ sí Kirkwall, olú ìlú Orkney. Àwọn tó ń sin ẹja ra á lọ́wọ́ bàbá wa. Lónìí ó jókòó sí etíkun, àgùntàn ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Bàbá wa kì í pa ilé Ọlọ́run jẹ, ṣùgbọ́n léraléra ni ìjọ ní kí wọ́n wá jẹ alàgbà, tí wọ́n ń kọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, bàbá kan láti Halifax nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ilẹ̀kùn wa. Wilfred Ackroyd lorúkọ wọn, sójà àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń wá atukọ̀ ará Orkney kan kiri látìgbà ogun. Ìyá wa gbé búrẹ́dì ọkà báálì àti wàràkàṣì síwájú wọn. Wọn kò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ̀yin lẹ bọ́ sómi lọ́jọ́ yẹn,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, ẹ fà mí jáde, ẹ tún padà lọ fa ẹlòmíràn.”

Omi ti ń bọ́ lójú bàbá wa.

“Ẹ má bínú, mi ò rántí yín. Àwọn tí ọwọ́ mi ò tó ni mò ń rántí.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi máa bá yín rántí àwọn yòókù, ọ̀gá mi.”

Láti ọdún náà ni wọ́n ti di tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ní 1995, bàbá wa gba oyè alàgbà. Bàbá Ackroyd ṣaláìsí ní 2003, ìyá wa ní 2006. Bàbá wa sùn, wọn kò jí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2013. Ó dùn wá gidigidi.

Bí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀, Joan, ọmọbìnrin Wilfred Ackroyd, pè wá. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ tiwa mọ́ ọn.” A bi í pé orúkọ mélòó. Ó ní kí a mú bébà tó gùn.

Nítorí náà, Olóògbé Mansie Seatter fi sáyé lọ: Davie, Ingrid àti Sheena, ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ méje, Joan, Keith àti Maureen Ackroyd, ọmọ-ọmọ Ackroyd mọ́kànlá, àti ìkókó kan ní Halifax tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọn kò tíì sọ lórúkọ.

Bàbá wa, ẹ máa sinmi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo àwọn tí ọwọ́ yín kò tó wá pàdé yín létíkun.