Bíírò Pupa Lọ́wọ́ Bàbá Ṣẹ́gun

Tuesday, ìrọ̀lẹ́

Ó rẹ̀ mí. Láti ibi iṣẹ́ shift mi ní Kennington, ní London níbí, ni mo ti gba kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ fún kíláàsì ìṣirò àwọn àgbàlagbà, mi ò tiẹ̀ jẹun.

Tíṣà ní ká máàkì iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì wá. Bàbá Ṣẹ́gun ló jókòó tì mí, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń gbàdúrà lé mi lórí ní gbogbo Sunday. Wọ́n ro ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n ní ó jẹ́ ìdá méjì nínú méje. Ṣé èmi ni màá wá fagi lé iṣẹ́ wọn? Mo ní wọ́n gbà á.

Nígbà tí tíṣà ṣe é sójú pátákó, tó jẹ́ ìdá méje nínú méjìlá, Bàbá gba bíírò pupa lọ́wọ́ mi, wọ́n fagi lé e fúnra wọn. "Ìyá Tọ́lá, ìṣirò kì í wojú àgbà."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo pátákó mọ́.

Mo délé, mo tún tèmi tí Bàbá máàkì ṣe. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, mi ò gbà á rárá, Bàbá sì ti ní mo gbà á.

Bóyá wọn ò mọ̀ ni. Bóyá wọ́n mọ̀.

Mi ò sì lè bi wọ́n.