Ọwọ́ Mi Tó Pọ́n ní Búkà Mùrí

                                        Ilé Àjàgbé,
                                        Òkè-Àdán, Ìwó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 1954.

Ògúnbáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kùmásí? Oyèníkẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò, ṣé ó ti gba ìwòsàn? Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Ìwé kékeré tí mo kà tó mi í lò. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì tán lára mi.

O rántí Mùrí, ọmọ olóògbé Rájí aláṣọ, èyí tó lọ sí ogun Bọ́mà. Nígbà tó dé, ó dáná fún àwọn ará Íńdíà oníṣòwò l'Ékòó, ó sì mọ oúnjẹ wọn dunjú. Mo fún un ní ìsọ̀ mi kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí ilé ti tán tí oko ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di búkà. Ìwọ náà wò ó: oúnjẹ tí wọ́n ní Èkó nìkan ni wọ́n ti ń rí i, ó wà lẹ́yìn ìlú Ìwó, nínú ilé tí èmi kọ́. Ìrẹsì pupa rúsúrúsú, ọbẹ̀ ẹran àgbò, búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Wọ́n bẹ Mùrí kó fi irú àti epo sí i, ó kọ̀. Ó ní bí òun bá ti fi irú sí i, kì í ṣe ti Íńdíà mọ́.

Kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n ní àwọ̀ oúnjẹ náà ń bani lẹ́rù. Inú bí mi. Bí a ti kírun Jímọ̀ tán, mo ní kí wọ́n wá wo ọkùnrin. Mùrí gbé síbí síwájú mi, mo tì í sẹ́yìn. Mo ní èmi tí mo ru kòkó láti Olúpọ̀nnà kí n tó di ọlọ́kọ̀, kí ni ìrẹsì lè fi mí ṣe? Ọwọ́ ni mo fi jẹ àwo méjì. Ó dùn, n kò ní purọ́. Mo ní kí àwọn náà jókòó, wọ́n ní rárá, àwọn yóò kọ́kọ́ wò mí di ọ̀la.

Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun alásárì ni mo rí ọwọ́ mi. Orí ìka àti èékánná ti pọ́n. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Ògúnbáyọ̀, orí mi wú. O mọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó pa àbúrò mi Àkànjí. Ìwọ náà bá wa gbẹ́ sàréè rẹ̀. Èékánná rẹ̀ tó pọ́n ni mo kọ́kọ́ rí nígbà náà. Mo wo ìtọ̀ mi, ó pọ́n lójú mi. Gbogbo ohun tí mo ní láyé, ọwọ́ yìí ni mo fi wá a. Òun náà ni ikú wá gbá mú. Mo fi ọwọ́ pamọ́ sínú agbádá, mo pe àwọn ọmọ, mo fi ibi tí wọn yóò sin mí sí hàn wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi Ṣẹ̀fíátù ìyàwó mi bóyá mo ṣì ń mí. Ó wọlé, ó fa ọwọ́ mi yọ, ó ranjú mọ́ ọn, ó sì ránṣẹ́ pe Mùrí. Mùrí dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀: ó pọ́n ju tèmi lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Gbòǹgbò kan tó jọ atalẹ̀, tí mo lọ̀ sínú oúnjẹ náà, ló ń kun ọwọ́ báyìí. Ìdí tí mo fi gbé síbí wá nìyẹn."

Ṣẹ̀fíátù ní, "Ìrẹsì ló kù díẹ̀ kó sọ mí di opó yìí."

Mo jáde sí àwọn tó wà níta, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní bí ọwọ́ ẹni tó jẹun ọlọ́lá ṣe ń rí nìyẹn. Lónìí, ọwọ́ pípọ́n ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń yangàn lọ́jà, búkà Mùrí sì kún.

Ìwọ nìkan ni mo lè sọ òótọ́ fún. Àwọ̀ náà ti ṣí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jí, èékánná mi ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Kí Oyèníkẹ́ àti àwọn ọmọ fún mi. Ṣẹ̀fíátù ní kí n kí ọ. Wá bá mi ṣe Iléyá. A óò jọ lọ sí búkà náà. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ bu òkèlè, èmi yóò sì máa wò ọ́ di ọ̀la.

                                        Èmi ni tìrẹ, láàyè àti nínú ìbẹ̀rù,
                                        Bọ́lárìnwá Àlàní, ọlọ́kọ̀.