Eérú Ìyá Mi Nínú Ọ̀pá Gíláàsì

Okun o, ẹ̀yin ìyá mi, aláró tí gbogbo Kábà mọ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí ìkòkò, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Tísà, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí tó bá wálé láti Ìyàrá. Kó má fo ibì kankan o, mo mọ̀ ọ́n. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí mo gbọ́ pé Bàbá ń sọ káàkiri pé ìgò ni mo wá ń fọ̀ ní Ìbàdàn.

Òótọ́ ni, mo ń fọ ìgò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó ọ̀gá mi ń wá ohun tó ń woni sàn nínú èèpo igi. Tí a bá rẹ èèpo náà, oríṣiríṣi nǹkan ló máa ń pò pọ̀ nínú omi rẹ̀. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó ki ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní alúmínà sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn, a ó fi òwú dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó wá da omi èèpo sí i lórí. Ìyẹ̀fun náà á di àwọn kan mú, á jẹ́ kí àwọn yòókù máa sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú á sì dúró ní ipò tirẹ̀. Ìyá, ṣé kì í ṣe ìkòkò oníhò tí ẹ fi ń sẹ́ omi eérú fún ẹ̀lú nìyẹn?

Ohun tó kó mi sí wàhálà gan-an nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ní kí n ṣọ́ ọ̀pá kan, kí n máa bu omi kan tó ń rùn bí pẹtiróòlù sí i. Èmi náà ṣe bí ẹ ti ń ṣe. Ẹ kì í bu omi mìíràn sí eérú títí tí àkọ́kọ́ á fi ro tán, kó lè mú dáadáa. Mo jẹ́ kó máa ro, mo lọ jẹ ẹ̀wà. Nígbà tí mo dé, ìyẹ̀fun ti gbẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́. Omi tí mo bù sí i gba ojú sísán yẹn kọjá, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyẹn.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo ní ìyá mi ni. Akọ̀wé ibẹ̀, tó máa ń pè mí ní ará Òkè Ọya, rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ní ojú ìyẹ̀fun tiwọn kò gbọdọ̀ gbẹ láé. Ó ní èèpo díẹ̀ ló kù, kí n tún ọ̀pá mìíràn kì, ìyẹn ni yóò sọ bóyá màá dúró tàbí màá lọ.

Gbígbẹ ni ẹni tó ṣáájú mi máa ń da ìyẹ̀fun. Èmi fi omi tó ń rùn yẹn pò ó bí ẹ ti ń po eérú, ó ki bí ògì, mo dà á lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń fọwọ́ gbá ara ọ̀pá jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń gbá ìkòkò, kí àyè òfìfo má wà nínú rẹ̀. Mi ò kúrò níbẹ̀, mi ò jẹun, mi ò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ. Àwọ̀ mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlà aṣọ Bùnú. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Òjò ibí kì í dá bọ̀rọ̀. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ kí ẹnì kan kí mi ní “okun o” bí a ti ń kí ara wa nílé, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ òtútù tí mo fi ránṣẹ́, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ de Kérésì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ pátápátá. Ó ní ibi tí a ó kọ orúkọ ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ sí. Orúkọ ilé ìwé ni àwọn yòókù ń kọ. Ẹ foríjì mí, ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́: Débórà, aláró, Kábà. Akọ̀wé ní kí n pa á rẹ́. Ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀mí yín á gùn, aró yín kò ní bàjẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn ìyá ìjọ. Orúkọ yín wà nínú fáìlì wọn báyìí, ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Sólómọ́nì