Ohun Tí A Sọ fún Àwọn Olùyẹ̀wò

                                                            Via dei Noccioli 14,
                                                            Nichelino,
                                                            Torino.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Keje, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Mọ́yọ̀ọ̀lá,

Ṣé dáadáa lo wà? Adéògún ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún nítorí ẹrù gbígbé ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ìfẹ́táyọ̀ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú ti yọ? Mo mọ̀ pé ooru Padova yìí kò ní jẹ́ kí ọmọ sùn. Ẹ kú àmúmọ́ra. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àmọ́ ọkàn wa kò balẹ̀. Ǹ bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n yàrá kan àti kíṣìnì ni ilé wa, mi ò sì fẹ́ kí Akínlolú gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Mọ́yọ̀, ọkọ mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ olùkọ́ fisíìsì. Non idoneo, pé kò kúnjú òṣùwọ̀n, ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ìbá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ti bọ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

O mọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ tí ìwọ ń ṣe ní Padova lòun náà ń ṣe ní yunifásítì tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ ṣe tirocinio fún oṣù mẹ́ta ní liceo kan, ilé-ìwé girama wọn níbí, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ níṣojú olùkọ́ àgbà kan. Màmá olùkọ́ yẹn, olóore ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n kó aṣọ òtútù ọmọ-ọmọ wọn fún Ìrètíolúwa ọmọ wa, àwọn náà ni wọ́n bá wa pe dókítà nígbà tí ikọ́ ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ní kí Akínlolú jókòó sí. Ó ń to wáyà, ó ń gbé bátìrì, ó ń nu pátákó. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan. Bó bá dé, á ní, "Tíolúwaní, mo tún bá wọn ṣọ́ ẹ̀yìn kíláàsì lónìí o." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin, àwọn mẹ́ta kan wá láti ìta láti yẹ ètò náà wò, bóyá lóòótọ́ ló ń sọ ènìyàn di olùkọ́ fisíìsì. Wọ́n ní àwọn á pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń mu tíì, ó bi mí pé, "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ẹni tó wọ aṣọ fún ọmọ rẹ lo fẹ́ lọ tú àṣírí rẹ̀ lójú àlejò? Sọ pé ó dára."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò dára."

Mo ní, "Sọ pé ó dára, jàre. Olùkọ́ ẹni ni."

Ṣé o rántí Ìkirè? Bí inspẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀, ọ̀gá á ti kìlọ̀ fún wa pé àlejò kì í rí ìdọ̀tí ilé. A ó jókòó ṣánṣán, a ó máa nawọ́ sókè sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa rí. Mo rò pé inspẹ́kítọ̀ náà ni wọ́n. Akínlolú lọ, ó sì yin màmá olùkọ́ náà. Ó ní òun kọ́ni títí ó fi rẹ òun.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn tó ń dán an wò ní kó kọ́ni nípa iná mànàmáná bí ẹni pé àwọn tó jókòó ni ọmọ kíláàsì. Ọkọ mi tó mọ fisíìsì bí ẹní mowó kọjú sí pátákó, ó kọ ìṣirò kún un, kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ṣe bí ọmọdé, ó bi í pé bí iná bá kọjá nínú gílóòbù, kí ló dé tí kì í tán síbẹ̀? Ó ní ọ̀rọ̀ kún inú òun, òun kò mọ èyí tí ọmọdé lè gbé mì. Ó tún kọjú sí pátákó.

Ó kọ̀wé sí segreteria, ọ́fíìsì yunifásítì, pé wọn ò fún òun láyè láti kọ́ni rí. Èsì wọn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní àwọn olùyẹ̀wò ti kọ ọ́ pé liceo yẹn gan-an ló dára jù, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mọ́yọ̀, òun nìkan ni wọ́n rán lọ síbẹ̀. Nítorí ìyìn tirẹ̀, wọ́n fẹ́ rán mẹ́rin mìíràn lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹyin lohùn, lóòótọ́.

Akínlolú ti padà sí magazzino tí òun náà ti ń gbé ẹrù tẹ́lẹ̀. Ìrètí bi í bóyá kò ní lọ sílé-ìwé lónìí, ó ní, "Papà, oggi non vai a scuola?" Ó fọwọ́ pa á lórí, kò sọ fún un pé kò sí ilé-ìwé tí òun ń lọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná yẹn fún mi, èmi tí mo gba F9. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó dojú kẹ̀kẹ́ mi dé ní bálíkónì, ó ní kí n fọwọ́ yí pẹ́dàlì. "Wo ṣéènì yẹn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣé ó ń tán?" Mo ní rárá, apá mi ló ń ro mí. Ó ní, "Ìwọ ni bátìrì. Agbára rẹ ló ń lọ, ṣéènì kò lọ síbì kankan." Ó yé mi kedere. Mo wọ kíṣìnì, mo sunkún, torí pé ọkọ mi mọ̀ ọ́n kọ́. Kò rẹ́ni jẹ́ kó dúró níwájú ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà sí àwọn olùyẹ̀wò pé irọ́ ni òun pa. Lẹ́tà náà ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i, màmá olóore yẹn á gbọ́, òun náà á sì di onírọ́ lójú yunifásítì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́rin yẹn á lọ jókòó sẹ́yìn. Ó ń wo ojú mi. Ẹnu mi yìí náà ló rán an níṣẹ́ àkọ́kọ́.

O ní àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nínú oṣù Kẹwàá. Jọ̀wọ́, bó bá ṣe rí ni kí o sọ. Èèyàn lè ṣe wá lóore, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì dára.

Bá mi kí Adéògún, bá mi gbé Ìfẹ́táyọ̀ mọ́ra. Bí o bá pe màmá yín ní Ìkirè, sọ fún wọn pé mo kí wọn, má sì sọ ti ìdánwò, jẹ́ kí wọ́n ṣì rò pé gbogbo rẹ̀ dára.

Mo tún ti ń ṣe é. Sọ fún wọn, Mọ́yọ̀. Sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn.

Èmi ni, tìrẹ láti kíláàsì kìíní,
Tíolúwaní